Ọmọ yín tó jẹ́ àkàndá ti ń dàgbà: bí ẹ ṣe lè bá a múra ayé àgbà sílẹ̀ níbí n'Ílọrin

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àǹtí àti ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ tó jẹ́ àkàndá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn wà ní kékeré, gbogbo àdúgbò ló ń káàánú ẹ̀, wọ́n á gbé e, wọ́n á fún un ní bisikíìtì, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Tó bá wá di ọmọ ọdún 17, 18, tí irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù, tí ọmọbìnrin ti ń ṣe nǹkan oṣù, gbogbo ẹnu á bá dákẹ́. Súkúù á parí, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kan á wọ poly, àwọn kan á lọ kọ́ṣẹ́, àwọn kan á ṣègbéyàwó, òun á jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá a, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́ o, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ìyẹn ò tíì tó ayé tí èèyàn ń gbé.

Mo ní àbúrò ọkùnrin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ òsì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa látìgbà tí wọ́n ti bí i, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ náà máa ń falẹ̀. Gáà Àkànbí là ń gbé, Òmù-Àrán ni ìyá wa ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo máa sọ, ara ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ìyókù wá látọ̀dọ̀ àwọn òbí tí a jọ máa ń jókòó ní ọsibítù àti àwọn àkàndá tó ti dàgbà fúnra wọn, àwọn yẹn ni kí ẹ máa wá lọ bá jù, torí wọ́n ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ máa fi ìpinnu lé ọmọ yẹn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, láti bí ọmọ ọdún 14, 15, nígbà tí ẹ̀yin náà ṣì lágbára, tí ẹ ṣì lè dúró tì í tó bá ṣì í ṣe. Orí èyí ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ẹ bi í, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Aṣọ wo ló fẹ́ wọ̀, aago mélòó ló fẹ́ jí, ta ló fẹ́ kó máa wẹ̀ fún un tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì ń wẹ̀ fún un, ṣé ó fẹ́ kí àlejò máa wọ yàrá òun láìkàn'lẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọkùnrin ọdún 19 tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ráyè nínú ilé ló ń bọ́ṣọ lára ẹ̀, ìyẹn ò dáa rárá.

Tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ bá ń falẹ̀, ẹ má parí ọ̀rọ̀ fún un. Tí mo bá bi àbúrò mi ní ìbéèrè, mo máa ń rọra kà á dé 10 nínú mi kí n tó tún lanu, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé bí mo bá dé 7 tàbí 8 lọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èyí tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá, ẹ gbé nǹkan méjì síwájú ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, oúnjẹ méjì, kó fojú wò ó tàbí kó nawọ́ sí i. Ẹ tún lè ya fọ́tò ibi tó máa ń lọ, àwọn èèyàn ẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú fóònù, kó máa fọwọ́ tẹ èyí tó fẹ́. Èyí tí ọpọlọ ẹ̀ ò tètè mú nǹkan, ẹ má kó ìbéèrè mẹ́ta pa pọ̀, ẹ bi í ní ọ̀kan, ẹ dúró.

Tó bá wá yan ohun tí ẹ̀yin ò fẹ́ ńkọ́? Tí kò bá ti sí ewu níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ní òun fẹ́ gé irun òun bí ti agbábọ́ọ̀lù, irun ẹ̀ ni.

Ìwé ẹ̀rí gbogbo, kó tó pé ọdún 18

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn àmọ́ ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ tí ẹ bá fi falẹ̀. Ẹ wá ìwé ọjọ́ ìbí tí NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, fún un, NIN, àti sìtífíkéètì súkúù tó bá ní, kí ẹ tẹ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pa pọ̀ kí ẹ yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wò, lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ á dá yín dúró ní báńkì. Tó bá jẹ́ ìgbà tó wà ní kékeré ni wọ́n ti ṣe NIN fún un, ẹ mú un padà lọ kí wọ́n gba ìka àti fọ́tò ẹ̀ tó ti dàgbà. Tí ìka ẹ̀ bá ká kò, tí ẹ̀rọ ò gbà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é tààrà kó tó bẹ̀rẹ̀ pé ìka yìí ò lè nà, kó má bàa máa fi agbára fà á.

Lẹ́yìn NIN, ó kan ákáǹtì ní orúkọ ara ẹ̀. Báńkì kan wà tí a lọ nígboro yìí, ọmọge tó jókòó síbẹ̀ kàn ń wo èmi, ó ń bi mí pé "kí lorúkọ ẹ̀, ṣé ó lè sáìn?" bẹ́ẹ̀ àbúrò mi jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ní "àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, òun ni kí ẹ bi." Mo wá sún sẹ́yìn àga ẹ̀ kí ojú ọmọge yẹn má ríbòmíì wò. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, ẹ máa dúró sẹ́yìn, ẹ má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí bí ojú wọn bá ti ń rí yín, ẹ̀yin ni wọ́n á máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè sáìn lè tẹ̀ka. Nọ́ńbà PIN ẹ̀, òun nìkan ni kó mọ̀ ọ́n tó bá lè mọ̀ ọ́n, kì í ṣe gbogbo ilé.

Òfin wà lẹ́yìn yín o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n má fi ìyà jẹ àkàndá, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, sọ pé níbi tí ìlà bá wà, àkàndá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá yà á sọ́tọ̀ torí ara ẹ̀, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí méjèèjì, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, mílíọ̀nù 1 náírà. Ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ láti ṣe ọ̀nà tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbà, January 2024 ló sì ti pé. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ta ló ń tẹ̀lé òfin ní Nàìjíríà. Èmi fi òfin yẹn sínú fóònù mi, mo sì ti rí i pé tí mo bá gbé e jáde tí mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka ibi tó kàn wọ́n, máníjà máa ń jáde wá.

Tó bá ti pé 18, káàdì ìdìbò náà tọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí INEC kọ irú àkàndá tó jẹ́ sílẹ̀. Òfin ìdìbò sì gbà á láyè kó mú ẹni tó wu òun fúnra ẹ̀ dání wọ ibi tí wọ́n ti ń dìbò, ẹ kíyè sí i, ẹni tó wu òun, kì í ṣe ẹni tó wu bàbá ẹ̀.

Ọsibítù: kúrò lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé dókítà kan ṣoṣo ló ti mọ̀ wọ́n látìgbà èwe, tí wọ́n bá wá dàgbà, wọ́n á ní kí wọ́n lọ sí kíníìkì àgbàlagbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń já sílẹ̀, wọn ò ní lọ mọ́. Ẹ bi dókítà ọmọdé yẹn ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú pé kíníìkì wo ló kàn, dókítà wo, kí ó kọ lẹ́tà tó ní ìtàn àìsàn, orúkọ oògùn àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà yẹn kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ní UITH, ọsibítù ńlá ti Unilorin, ọ̀nà jìn sígboro, torí náà ẹ ṣètò ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí ẹ bá wọlé, ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó ní ìgbà tí òun àti dókítà nìkan á jọ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ wà tí ọmọ ọdún 18 ò lè sọ níwájú ìyá ẹ̀.

Ẹni tó ń jókòó sórí àga látàárọ̀, egbò ìdí lọ̀tá ẹ̀ tó burú jù. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra, kó fọwọ́ gbé ìdí ẹ̀ kúrò lórí àga tàbí kó fara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà kó tẹ̀ sí ìkejì. Tí kò bá lè yí ara ẹ̀ padà lóru, kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì méjì. Ẹ máa wo ìdí, gìgísẹ̀ àti eegun ìbàdí lójoojúmọ́, lára àwa aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ńṣe ló máa ń dúdú ju ibi tó kù lọ, á gbóná, á le sọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, kó má jókòó lé ibẹ̀ mọ́ títí tó fi máa lọ, kí ẹ sì fi han nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ wárápá náà, ẹ jọ̀ọ́. Itọ́ ẹni tó ní wárápá kì í ran èèyàn. Tó bá mú un, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí ẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má da omi sí i, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ síná. Ẹ wo aago, tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ọsibítù ni. Ẹ má sì jẹ́ kó dédé dá oògùn dúró torí pé ó ti pẹ́ tó mú un kẹ́yìn, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyẹn, pàápàá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ má mọ̀.

Orí iṣẹ́ ilé ni àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá lè se oúnjẹ ara ẹ̀, tó lè wẹ̀, tó lè fọ pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀, kò sí ilé tó máa wọ̀ tí wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ lé e lórí. Àwa ò gbà á láyè kó ṣe é ni kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọwọ́ kan ni àbúrò mi ní tó dáa, bẹ́ẹ̀ ó ń bó iṣu. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ ní kí káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ kan fún yín, kó fẹ̀ tó ìwé ńlá tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Kó gbá ìṣó méjì tí kì í dípẹtà láti abẹ́, kí ẹnu ìṣó yọ lókè díẹ̀. Kó lẹ rọ́bà inú táyà ọ̀kadà mọ́ abẹ́ pákó náà kó má bàa máa yọ̀ lórí tábìlì. Kó tún kan igi tín-ín-rín sí igun kan, igi méjì tó pàdé ara wọn. Iṣu tí wọ́n ti gé ní gígé, àlùbọ́sà, ọ̀dùnkún, á fi gún orí ìṣó, kò ní lè yí mọ́, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ tó dáa. Búrẹ́dì á tì sí igun yẹn tó bá ń fi bọ́tà ra á. Tó bá lò ó tán, ẹ fi kọ́ọ̀kì ìgò bo ẹnu ìṣó. Káfíńtà ò ní gba owó ńlá lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀, ọjọ́ tó kọ́kọ́ bó iṣu tó jẹ ní àjẹyó, ìyá wa pe gbogbo ẹbí l'Ómù-Àrán.

Aṣọ tútù tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ abọ́ náà kò ní jẹ́ kó máa sáré. Nílé ìwẹ̀, ẹ gbé àpótí tàbí àga oníke kan síbẹ̀, ẹ so kànìnkàn mọ́ igi gígùn kó lè dé ẹ̀yìn, ẹ kan irin mọ́ ògiri, kó wọnú símẹ́ńtì dáadáa, èyí tó bá lè gbé ẹ̀yin náà ró tí ẹ bá fa ara yín lé e lórí.

Fún ọmọ tí ọpọlọ ẹ̀ ò tètè mú nǹkan, ẹ máa kọ́ ọ láti ìparí wá. Ká ní aṣọ fífọ̀ ni, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ fún omi ara ẹ̀ dà nù, ẹ wá jẹ́ kí òun sá a. Tó bá ti mọ aṣọ sá dáadáa, kó máa fún omi ẹ̀ dà nù kó sì sá a. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa ṣan án. Báyìí ló fi máa ń jẹ́ pé òun ló parí iṣẹ́ nígbà gbogbo, ẹ̀yin á yìn ín, inú ẹ̀ á dùn, kò ní sá fún un. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á rẹ̀ ẹ́ kó tó rí èrè ẹ̀.

Jíjáde lọ nìkan

Ẹ̀rù tó wà níbí tóbi, mo mọ̀. Ọkọ̀ ìgboro Ìlọrin, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń sá, gọ́tà tí wọn ò bò, Post Office ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rù á ba ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ pé kó má lọ, ẹ pín in sí ìpele.

Ẹ yan ibì kan ṣoṣo tó fẹ́ lọ gan-an, bí ilé àǹtí ẹ̀ ní Tanke, tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ jọ lọ, ẹ máa fi ohun tí kò ní kúrò níbẹ̀ hàn án, ilé epo, mọ́ṣáláṣí tó ní ilé gogoro, ilé alájà mẹ́ta, ẹ má fi ẹni tó ń ta àgbàdo ṣe àmì torí ó lè má jáde lọ́la. Tó bá yá, ẹ jọ wọkọ̀ àmọ́ òun ni kó sọ ibi tó ń lọ, kó sanwó, kó sọ ibi tó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Tó bá yá sí i, ẹ wà lẹ́yìn nínú kẹ̀kẹ́ mìíràn. Nígbà tó bá kẹ́yìn, ẹnìkan á fi í wọkọ̀, ẹnìkan á dúró dè é níbi tó ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa lọ fúnra ẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tó máa ṣe tó bá sọnù sínú káàdì kan tó wà lápò ẹ̀, kó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ló máa lọ, kò gbọdọ̀ bá ẹni tó bá ní "wá jẹ́ ká lọ" rìn.

Fún ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, ẹ wá oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tí ẹ mọ ilé ẹ̀, kí ẹ fẹnu kò lórí owó, kí ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ká àga náà àti ibi tí kò gbọdọ̀ fà. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran, ọ̀pá funfun ni kí ẹ rà fún un, kó gùn dé igbá àyà ẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kó kọ́ ọ. Tí ẹ bá fẹ́ mú un rìn, ẹ má fà á lọ́wọ́, òun ni kó di ìgúnpá yín mú, ẹ máa wà níwájú díẹ̀.

Kó sì jẹ́ pé kì í ṣe ọsibítù nìkan ló ń jáde lọ. Ọjọ́ Durbar lẹ́yìn Iléyá tí gbogbo ìlú ń tú jáde lọ síwájú ààfin Ẹmíà, kó bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, kì í ṣe ìyá ẹ̀ ló máa di aṣọ ẹ̀ mú. Ẹgbẹ́ àwọn àkàndá, JONAPWD, wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn adití náà ní NNAD, ẹ mú un lọ síbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì rí àgbàlagbà tó dà bí òun tó níṣẹ́, tó níyàwó, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ṣeé ṣe?

Fóònù

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tí wọ́n ń tà ní Challenge ló ní TalkBack nínú, á máa ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù sókè fún ẹni tí kò ríran, ẹ wọ Settings, Accessibility, TalkBack. VoiceOver ni ti iPhone. Adití máa ń gbádùn fídíò kọ́ọ̀lù lórí WhatsApp torí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èdè ọwọ́ yẹn, kí gbogbo ilé kọ́ ọ, kì í ṣe ìyá nìkan. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí adití ọmọ ogún ọdún tó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ò lè fọwọ́ sọ ju "wá jẹun" fún un lọ.

Ìwé àti iṣẹ́

Òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí àkàndá títí dé sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé-ìwé àwọn àkàndá tó wà ní Àpáta Yákúbà ni ọ̀pọ̀ n'Ílọrin mọ̀, àmọ́ ọ̀nà ò parí síbẹ̀. JAMB ti ní ètò ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní JEOG láti ọdún 2017 fún àwọn tí ojú wọn ò ríran àti àwọn àkàndá kan mìíràn, nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti sọ ọ́, ẹ má dúró dọjọ́ ìdánwò. Unilorin ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití lọ́wọ́, KWASU ní Malete sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe. Kí ẹ tó sanwó kankan, ẹ lọ wo ọgbà náà: ṣé kíláàsì wà nílẹ̀ àbí òkè, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gba àga oníkẹ̀kẹ́, báwo lọ́sítẹ́ẹ̀lì ṣe jìn sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ máa ṣe, kò sì kéré. Àmọ́ ẹ má mú iṣẹ́ tó wù yín, ẹ wo ohun tí ara ẹ̀ lè ṣe àti ohun tó wù ú. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ-òfì tí wọ́n fi mọ Ìlọrin ṣàlàyé. Adití lè hun òfì kó sì dá yàtọ̀, torí ojú àti ọwọ́ ló ń ṣe é. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé, òfì àwọn ọkùnrin á ṣòro fún un nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ okùn tó ń gbé omù, ìyẹn ohun tó ń ya òwú òfì sọ́tọ̀, sókè sódò. Ẹ má tìtorí ìyẹn lé e kúrò nínú iṣẹ́ náà, ó lè ká òwú, ó lè tò àwọ̀, ó lè gba ọ́dà àwọn oníbàárà lórí WhatsApp, ó lè máa ṣe ìṣirò owó. Télọ̀ náà bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ò bá lè tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ afọwọ́yí wà, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n lè gbé ibi ìtẹ̀ ẹ̀ sórí tábìlì kó máa fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ náà wà.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá tó máa kọ́ ọ, ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán kó tó wọlé: aago tó máa dé, ibi tó máa yà sí, ohun tó lè ṣe àtèyí tí kò lè ṣe, ọdún mélòó, kí ló máa gba fìrídọ̀mù ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kíyè sára pẹ̀lú ọ̀gá tó bá ń fi í gbálẹ̀ nìkan látàárọ̀ dalẹ́ láìfọwọ́ kan irinṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Òfin ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ó kéré tán 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá, torí náà nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, kó sọ pé òun jẹ́ ọ̀kan, kó má fi pamọ́.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ máa ń ṣòro. Owó Ìṣòwò tí ìjọba Kwara ń ṣe lábẹ́ ètò ìrànwọ́ wọn tó ń jẹ́ KWASSIP, ẹ̀yáwó tí kò ní èlé fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ni, tí wọ́n bá ṣí fọ́ọ̀mù ẹ̀ kó fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún bá ìgbìmọ̀ sàká ní mọ́ṣáláṣí yín sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn wa ń fúnni ní sàráà dáadáa, wọ́n á ju 100, 200 náírà sọ́wọ́ àkàndá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, owó yẹn tí wọ́n bá kó o jọ wọ́n á fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ gbé e lọ sí Ọjà Ọba kó máa ṣagbe torí "owó máa wọlé", ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kan náà, ẹni tó bá fi àkàndá ṣagbe lè san 100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6.

Ara ẹ̀, ìfẹ́, ìgbéyàwó

Àwọn òbí kì í fẹ́ sọ èyí, ó sì ṣe pàtàkì. Ọmọbìnrin tí ọpọlọ ẹ̀ ò tètè mú nǹkan máa ń ṣe nǹkan oṣù bíi ti gbogbo èèyàn, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa pààrọ̀ páàdì kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè fi omi zobo sórí páàdì kó mọ bó ṣe máa ń rí kó má bàa bẹ̀rù. Ẹ kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin pé ibi báyìí lára wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, ẹ dárúkọ ibẹ̀ tààrà, ẹ má fi ẹnà sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fìbálòpọ̀ jẹ wọ́n níyà, ẹni tó mọ ilé dáadáa ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìbátan, aládùúgbò, olùkọ́. Tó bá sọ fún yín, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ yẹn, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá.

Ó sì lè fẹ́ràn ẹnìkan o. Ó lè fẹ́ fẹ́yàwó, ó lè fẹ́ lọ́kọ, ó lè fẹ́ bímọ. Ẹ ṣe fún un bí ẹ ṣe máa ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò genotype, kí ẹ wádìí ilé tó ń lọ. Ẹ má máa ra ìyàwó fún un bí ẹni ń ra ọmọ ọ̀dọ̀.

Tí ẹ̀yin ò bá sí mọ́

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá àkàndá máa ń sọ lóru nìyí, "ta ló máa bá mi tọ́jú ẹ̀?" Ẹ má fi sí adúrà nìkan. Ẹ pe ìpàdé ẹbí nígbà tí òbí méjèèjì ṣì wà, kí òun náà jókòó níbẹ̀, kó sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé "gbogbo wa la jọ ni ín", ẹ dárúkọ ẹni méjì, ọ̀kan tó máa máa wo ọ̀rọ̀ owó, ọ̀kan tó máa máa wo ọ̀rọ̀ ara àti ilé, kí wọ́n má jẹ́ ẹnìkan náà kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn.

Ní agboolé wa níbí, yàrá lọ̀rọ̀ máa ń dà lé. Yàrá tó jẹ́ tiẹ̀, tó wà nílẹ̀, tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí, ẹ kọ ọ́, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Fún àwa Mùsùlùmí, àìsàn tàbí àbùkù ara ò yọ ọmọ kúrò nínú ogún, ìpín tó tọ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló tọ́ sí òun náà tó bá jẹ́ ọkùnrin, tí òye ẹ̀ ò bá sì gbé owó, wọ́n á yan ẹni tó máa bá a dì í mú, owó yẹn ò di ti ẹni náà. Ẹ lọ bá áàfáà tó mọ̀ nípa ogún pípín kí ẹ tó pín ohunkóhun, kí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè fún un nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì l'Ọ́fà, l'Ómù-Àrán, l'Ọ́rọ̀, ẹ bá lọ́yà ṣe ìwé ìhágún tó dárúkọ ọmọ yìí tààrà.

Kí ẹ wá ra fáìlì kan. Lẹ́tà dókítà, orúkọ oògùn àti bó ṣe ń lò ó, ẹ̀dà NIN, ìwé yàrá, nọ́ńbà oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá, ohun tó fẹ́ràn láti jẹ, ohun tó máa ń bà á lẹ́rù, bó ṣe máa ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" tí kò bá lè sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ kó wà níbẹ̀. Ẹni méjì tí ẹ yàn yẹn, kí wọ́n ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ fúnra ẹ̀ mọ ibi tí fáìlì wà, kí ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún torí oògùn á yí padà, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá á pààrọ̀ nọ́ńbà, ohun tó ń fẹ́ lọ́mọ ọdún 18 lè máà jẹ́ ohun tí á fẹ́ tó bá di ọmọ ọdún 25.